Òkè Wo Ni A Ó Kọ́kọ́ Gùn?

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo lọ kí wọn ní ìlú wa ní Òkè-Ògùn. Ìlú wa kò tóbi. Òkè ló yí i ká, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé e sínú ọpọ́n. Mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí mi káàbọ̀, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ. Kí wọ́n tó ní kí ẹnikẹ́ni bu omi fún mi, wọ́n ní, "Àkànní, níbi iṣẹ́ yín yẹn, ta ló ń sọ pé kí òpó fóònù dé Ìsẹ́yìn, kó dé Ṣakí, kó má dé ọ̀dọ̀ tiwa?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹnu lásán o. Oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà ni àbúrò bàbá mi kú lóru. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù pe èèyàn láti ìlú wa, àfi kó gun àpáta ńlá kan tó wà lẹ́yìn ọjà. Orí àpáta yẹn nìkan ni fóònù ti í mú, ìyẹn náà bó bá wù ú. Òjò ń rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, àpáta ń yọ̀, ọmọ tí wọ́n rán kò lè gùn ún. Wọ́n ti sin bàbá náà ní ìlànà Mùsùlùmí kí n tó gbọ́ pé wọ́n kú. Èmi tí wọ́n rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́, n kò sí níbẹ̀ láti da iyẹ̀pẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé mo mọ ìdáhùn ìbéèrè ìyá mi. Ilé iṣẹ́ fóònù kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Èmi gan-an wà lára àwọn tó jókòó yí tábìlì ká, tí a to àwọn ìlú lẹ́sẹẹsẹ, pé ibí ni òpó yóò kọ́kọ́ dé, ibí ni yóò tẹ̀lé e. Ìlú wa wà lórí ìwé yẹn. Ipò kọkànlélógójì ló wà. Mo rí i, mo dákẹ́.

Lónìí, mo ti fẹ̀yìn tì, òpó sì ti dé ìlú wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò fi mí sílẹ̀. Kí n tó sọ ohun tí mo fi dá ìyá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, nítorí àwa kọ́ la kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ẹńjìnnía ti ń bi ara wọn pé: owó tó wà lọ́wọ́ kò tó gbogbo òkè, òkè wo ni ká kọ́kọ́ gùn?

Òkè Daventry

Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1922 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti London. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Birmingham àti Manchester bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Lẹ́yìn náà ni ó kan Newcastle, Cardiff, Glasgow, Aberdeen àti àwọn mìíràn. Ẹ wò ó, ìlú ńlá ni gbogbo wọn. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Rédíò tí ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nígbà náà kò lo bátìrì, bẹ́ẹ̀ ni kò lo iná mànàmáná. Òkúta wẹ́wẹ́ kan, wáyà gígùn kan, àti ohun tí wọ́n ń fi sí etí ni. Agbára tó wá láti òpó nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀, nítorí náà bí òpó bá jìnnà, ó di odi. Tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn púpọ̀ gbọ́ kíákíá, àfi kí wọ́n ri òpó mọ́ ibi tí èèyàn pọ̀ sí. Wọ́n tún fi àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké sí Sheffield, Plymouth, Liverpool, Hull, Dundee, Swansea. Àgbẹ̀ tó wà nínú oko láàrin ìlú méjì, òun ń wo òṣùpá ni.

Ọkùnrin tó wá ọ̀nà mìíràn ni Peter Eckersley, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ẹńjìnnía BBC. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà pé dípò kí wọ́n máa fi òpó kéékèèké lé ìlú kiri, kí wọ́n ri ọ̀kan tó lágbára gan-an mọ́ àárín gbùngbùn ilẹ̀, kí ó sì máa lo ìgbì gígùn, èyí tí í rọra tẹ̀lé ilẹ̀ lọ tí òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ dá dúró. Wọ́n mú máàpù, wọ́n ń wá ibi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fa àmì róbótó yí i ká, ilẹ̀ tí èèyàn ń gbé ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí omi òkun yóò sì kéré jù. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: bí òpó bá wà létí òkun, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ẹja ló ń gbọ́ ọ. Ibi tí wọ́n mú ni Borough Hill, òkè kan lẹ́bàá Daventry. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1925 ni wọ́n ṣí i. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ará oko tí kò gbọ́ nǹkan kan rí di olùgbọ́ rédíò.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá o. Láti orí òkè Daventry yìí kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbì kúkúrú sọ̀rọ̀ sí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejìlá ọdún 1932. Ohùn yẹn ni wọ́n ń mú ní Èkó, tí wọ́n wá ń fi wáyà pín kiri ojúlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1935. Àpótí kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri fún ẹni tó bá ń sanwó oṣù. Kò sí pé à ń yí i láti wá ilé iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí wáyà bá gbé wá lo máa gbọ́. Àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ, kì í gba èsì.

Ẹ jẹ́ ká wo ọgbọ́n inú wáyà náà. Ibi tí ilé bá ti fara kan ilé, wáyà kékeré yóò dé ojúlé púpọ̀. Ibi tí ilé bá jìnnà síra, wáyà yóò tán kó tó dé ojúlé mẹ́wàá. Nítorí náà Èkó ló kọ́kọ́ ní in, Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1939. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó tó ní òun kórìíra ará oko. Ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ará oko, ìṣirò àti ìkórìíra kò yàtọ̀ síra. Ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni.

Òpó márùn-ún, ilẹ̀ kan

Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n dé ni ọ̀rọ̀ náà wá le. Ìgbì tí tẹlifíṣọ̀n ń lò kì í tẹ̀lé ilẹ̀ lọ bíi ti Daventry. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbọnrangandan ló ń lọ, bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ojú òpó bá rí ló máa dé. Ohun tó bá wà lẹ́yìn òkè, inú òkùnkùn ló wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1936 ni BBC ti ń ṣe tẹlifíṣọ̀n láti Alexandra Palace ní London. Wọ́n pa á nígbà tí ogun Hitler fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n tún un ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 1946. Ní gbogbo àkókò yẹn, London àti agbègbè rẹ̀ nìkan ló ń rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló jọ jẹ ìyà ogun.

Owó ti tán lọ́wọ́ ìjọba lẹ́yìn ogun, irin ṣọ̀wọ́n. Wàhálà kejì tún wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Ti ẹyẹ ni wọ́n ń sọ o, wọn kò sọ ti tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà márùn-ún péré ni BBC ní lójú ọ̀run fún iṣẹ́ yìí. Bí òpó méjì tó súnmọ́ra bá gba ọ̀nà kan náà, wọn yóò máa da àwòrán ara wọn rú. Ọ̀nà márùn-ún, òpó ńlá márùn-ún: London ti gba ọ̀kan, ó ku mẹ́rin. Ibo ni kí wọ́n rì wọ́n mọ́?

Ẹ wo ibi tí wọ́n mú, kí ẹ rí ọgbọ́n. Èkíní, Sutton Coldfield lẹ́bàá Birmingham, wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1949. Èkejì, Holme Moss, lórí òkè Pennine, ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1951. Ẹ̀kẹta, Kirk o'Shotts ní Scotland, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 1952. Ẹ̀kẹrin, Wenvoe lẹ́bàá Cardiff, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Holme Moss dúró lórí òkè tó wà láàrin Manchester àti Leeds, ó ń wo méjèèjì. Kirk o'Shotts wà láàrin Glasgow àti Edinburgh. Wenvoe ń wo gúúsù Wales, ó sì ń wo ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lódìkejì omi. Wọn kò wá òkè tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà. Òkè tó ga jù lè wà níbi tí kò sí ẹnì kankan, kí àgùntàn nìkan máa jẹ koríko lábẹ́ rẹ̀. Òkè tó ń wo èrò méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wá. Nígbà mìíràn, kí wọ́n tó na kọ́bọ̀ lórí irin, wọn á fi bàlúù ńlá gbé wáyà sókè níbi tí wọ́n fẹ́ rì í mọ́, ọkọ̀ yóò máa yí agbègbè náà ká láti wọn bí agbára ìgbì ṣe tó ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Orí ni wọ́n ń kà, wọn kò ka òkè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó fetí sílẹ̀ lè bi mí pé: ṣebí èèyàn tó wà lábẹ́ Holme Moss pọ̀ ju ti Sutton Coldfield lọ? Kí ló dé tí wọn kò fi ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Òótọ́ ni. Ohun tó fà á ni pé òpó kì í dá nìkan ṣiṣẹ́. Àwòrán gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà láti London dé ìdí òpó. Birmingham wà lójú ọ̀nà Manchester, Manchester sì wà lójú ọ̀nà Scotland. Ẹni tó bá fẹ́ dé Ṣakí láti Ìbàdàn, ó máa kọ́kọ́ kan Ìsẹ́yìn. Báyìí ni ìwé tí wọ́n fi orí èèyàn tò ṣe yí padà nítorí ọ̀nà.

Nígbà tí Wenvoe ṣí tán ní 1952, òpó márùn-ún péré ti dé ọ̀dọ̀ bí ìdá mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún gbogbo èèyàn ilẹ̀ náà. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó bá wà nínú ìdá mẹ́rin yìí yóò pàtẹ́wọ́. Àwa tó wà nínú ìdá karùn-ún ńkọ́?

Nígbà tí ìdá karùn-ún pariwo

Ìwé BBC ní àwọn òpó tó kéré díẹ̀ tí yóò tẹ̀lé àwọn ńlá: ti agbègbè Newcastle, Belfast, Aberdeen, Plymouth àti Southampton. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n wà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ogun Korea bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ra ohun ìjà, wọ́n ní kí iṣẹ́ àwọn òpó náà dúró ná. Ìgbà tí ó yá, wọ́n kéde pé wọn yóò dé ọbabìnrin Elizabeth ládé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1953, àti pé tẹlifíṣọ̀n yóò fi hàn. Áà! Ará Newcastle àti ará Belfast kò gbà. Wọ́n ní ṣé ọbabìnrin àwọn ará London nìkan ni? Ariwo náà pọ̀ débi pé wọ́n rọra ri òpó onígbà díẹ̀ mọ́ Pontop Pike fún Newcastle, wọ́n ri òmíràn mọ́ Glencairn fún Belfast. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀, ó ku bí oṣù kan kí wọ́n dé adé. Bí ogún mílíọ̀nù èèyàn ló wo ìgbádé náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Aberdeen àti Plymouth dúró dé 1954.

Ẹ jẹ́ ká fi ìka sí ibẹ̀ ná. Ìṣirò òpó kò yí padà láàrin 1952 sí 1953. Orí tó wà ní Newcastle kò pọ̀ sí i. Ohun tó yí padà ni pé àwọn ará ibẹ̀ mọ ipò tí wọ́n wà, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún wọn, wọ́n sì mọ ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò lọ kàn.

Àwọn tí ariwo wọn kò tó ti Newcastle dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìdá tó kẹ́yìn ti wọ́n tó, kó wo ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n parí tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ ní 2012 tí gbogbo rẹ̀ di dígítà. Bí ọgọ́rin òpó ńlá ló ń gbé àwòrán dé ọ̀dọ̀ bí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ilé. Kí wọ́n tó kúrò ní àádọ́rùn-ún kí wọ́n dé bí 98.5, ó gba òpó kéékèèké tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀kan fún àfonífojì yìí, ọ̀kan fún abúlé tọ̀hún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Ẹni tí orí ìṣirò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan kò ní ri ẹgbẹ̀rún òpó náà mọ́lẹ̀ láéláé. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì rì í nítorí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó ń san owó tẹlifíṣọ̀n ní àfonífojì kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń san án ní London.

Mapo àti Abafọ̀n

Nílé níbí náà, a ti gun òkè rí. Nígbà tí ìjọba Western Region lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, òpó méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà lórí òkè Mapo ní Ìbàdàn, ìkejì wà ní Abafọ̀n lẹ́bàá Ìkòròdú. Ẹni tó bá ti dúró ní Mapo rí mọ ìdí tí wọ́n fi mú un: páànù ilé Ìbàdàn tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹní. Ti Abafọ̀n ni mo fẹ́ràn láti máa rò. Èkó kò sí lábẹ́ Western Region nígbà náà. Ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìkòròdú wà lábẹ́ Western Region, ó sì kọjú sí Èkó lódìkejì ọ̀sà. Bí èmi ti rí i nìyí: àlà ilẹ̀ ni ìjọba fi ń dá èèyàn dúró, ìgbì kò mọ àlà. Ẹni tó bá dúró sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lè bá ará ilé kejì sọ̀rọ̀ láì gba àṣẹ.

Òpó méjì yẹn kò dé Òkè-Ògùn wa. Èmi kò bínú sí i. Ẹni tó ní òpó méjì péré, tó sì ní Ìbàdàn àti Èkó níwájú rẹ̀, kí ni kí ó ṣe?

Ìgbà tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, ìtàn náà tún ara rẹ̀ sọ. Oṣù kìíní ọdún yẹn ni ìjọba ta ìwé àṣẹ, nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ wọ́n ti ń pe ara wọn. Èkó, Àbújá àti Port Harcourt ló kọ́kọ́ gbọ́. Fóònù tún le ju rédíò lọ, nítorí pé fóònù ń gba èsì. Rédíò kì í dáhùn. Bí òpó bá lágbára, ó tán. Fóònù inú àpò rẹ, òun náà gbọ́dọ̀ fọhùn padà dé ìdí òpó, ohùn rẹ̀ kò sì lágbára. Nítorí náà òpó gbọ́dọ̀ súnmọ́ni. Láfikún, òpó kan kò lè bá ju iye èèyàn kan lọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èrò bá pọ̀ ní ọjà kan ní Èkó, ilé iṣẹ́ yóò ri òpó kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin mọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó rántí ibi tí wọn kò gbọ́ rárá. Ẹ ka ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà dé orí òkè kún un, ẹ ka jẹnẹrétọ̀, ẹ ka díísù, ẹ ka ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ ọ kí wọ́n má jí bátìrì gbé. Owó òpó abúlé kò dín sí ti ìlú ńlá. Òfin ọdún 2003 dá àpò owó kan sílẹ̀ fún irú ibi bẹ́ẹ̀, kí àwọn ilé iṣẹ́ máa dá owó sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò owó náà tún ní ìwé tirẹ̀, ìwé náà tún ní ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn.

Ẹ̀gúsí ìyá mi

Ó di kí n padà sí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí, irọ́ ni mo pa. Mo ní, "Ìyá, àwọn ọ̀gá ńlá l'Ékòó ni." Wọn kò sọ nǹkan kan. Oorun kò kùn mí lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ jókòó tì wọ́n, mo bu ẹ̀gúsí díẹ̀, mo to ẹyọ mẹ́jọ sórí ilẹ̀ ní ìlà kan.

Mo ní, "Ìyá, ẹ wò ó. Abúlé mẹ́jọ nìyí lójú títì kan, iye èèyàn kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Òkè mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Òkè òsì ń fọhùn dé abúlé kìíní sí ìkẹrin. Òkè ọ̀tún ń fọhùn dé ìkarùn-ún sí ìkẹjọ. Òkè àárín ń fọhùn dé ìkejì sí ìkẹfà. Owó òpó kan ló wà lọ́wọ́ yín. Èwo lẹ máa gùn?"

Wọ́n ní, "Ti àárín. Ó gba márùn-ún."

Mo ní, "Owó òpó kejì wá dé lẹ́yìn ọdún kan ńkọ́?"

Wọ́n wò ó. Wọ́n fi ìka ka ẹ̀gúsí. "Ti òsì á fún mi ní ọ̀kan tuntun. Ti ọ̀tún á fún mi ní méjì. Mo gun ti ọ̀tún. Ó di méje." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, ojú wọn kò kúrò nílẹ̀. "Àkànní, tí mo bá ti mọ̀ látàárọ̀ pé owó méjì ni, n ò ní gun ti àárín rárá. Òsì àti ọ̀tún ni ǹ bá gùn. Gbogbo wọn ì bá gbọ́."

Mo ti jókòó nínú ìpàdé pẹ̀lú àwọn tó kàwé tí wọn kò rí ohun tí ìyá mi rí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Ẹni tó ń fi èyí tó pọ̀ jù ṣáájú lójoojúmọ́, tí kò wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, òun ló ń fi ẹnì kan sílẹ̀ ní ìparí. Mo nawọ́ sí ẹ̀gúsí kìíní, èyí tó dá wà lápá òsì. Mo ní, "Ìyá, ìlú wa nìyí. Ìwé wà. Ipò kọkànlélógójì la wà. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́."

Mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n mú ẹyọ ẹ̀gúsí náà, wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sínú igbá.

Wọ́n ní, "Ṣé ọjọ́ ló jẹ́ kí o tó sọ fún wa? Tí a bá ti mọ̀ pé ọ̀kan-lé-lógójì ni wá, a mọ̀ pé ogójì ló wà níwájú wa. A óò máa kà á. Tí wọ́n bá dé ogójì tí wọ́n fò wá, Kábíyèsí á mọ ibi tí wọn yóò lọ. Àbúrò bàbá rẹ ò bá ti ní ká gé àtẹ̀gùn sára àpáta yẹn, ká de okùn mọ́ ọn. Ohun tó pa wá lára kì í ṣe pé a kẹ́yìn, Àkànní. A ò mọ̀ pé a wà lórí ìlà ni."

Ká wí fúnni kó tó dáni, àgbà ìjàkadì ni. Mi ò gbà pé ìwà ìkà ni láti fi Ìbàdàn ṣáájú abúlé. Ẹni tí owó òpó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gun òkè kan kó fi ìyókù sílẹ̀; Eckersley ṣe é, Mapo ṣe é, èmi náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ará Belfast mọ̀ pé òun wà lórí ìwé, ìdí nìyẹn tó fi rí ẹnu pariwo. Ìwé tiwa wà nínú dúrọ́ọ̀ tí a tì. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ kí èèyàn lè dá èèyàn lóhùn, a di asọ̀rọ̀mágbèsì sí àwọn ará ilé wa.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo béèrè ní ìpàdé pé kí a kọ lẹ́tà sí àwọn ìlú tó wà lórí ìwé, kí kálukú mọ ipò rẹ̀ àti ohun tó ń dá a dúró. Wọ́n ní kò bójú mu, pé ilé iṣẹ́ tí ń bá wa dupò yóò rí àṣírí wa. Mo kọ ọ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe lórí ìwé ilé iṣẹ́. Mo fi rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sí Kábíyèsí ìlú wa. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú gé àtẹ̀gùn sára àpáta lẹ́yìn ọjà ní ọdún yẹn, wọ́n sì de okùn mọ́ ọn. Nígbà tí òpó dé níkẹyìn, ìyá mi ti di arúgbó tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Wọ́n gbé fóònù sí etí wọn, mo ń pè wọ́n láti Ìbàdàn.

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Àkànní ni, Ìyá."

Wọ́n ní, "Ìlú wo ló wá kàn báyìí?"